Nọ́ńbà Kan fún Gbogbo Ọmọ Tuntun

Bí ẹ bá ti jáde ní géètì kọ́lẹ́jì, ṣọ́ọ̀bù wa lẹ máa kọ́kọ́ rí lápá òsì. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó jókòó sínú lọ́hùn-ún, tó kọjú sí kọ̀ǹpútà méjì, tó ń fi ìka méjì péré tẹ̀ ẹ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, òun ni gbogbo ọmọ kọ́lẹ́jì ń pè ní Ó-Ti-Wọlé. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀. Bó bá ti fi orúkọ ọmọ tuntun kan sílẹ̀ fún kíláàsì tán, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "Ó ti wọlé!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ á gbàdúrà fún un, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá a jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ti bá a jà, mo ti bá a rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Èèyàn dáadáa ni. Mo yáa tètè sọ ọ́ báyìí, torí bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí débi tó máa parí sí, ẹ lè má fẹ́ gbà á gbọ́ lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ ò mọ bí ọmọ tuntun ṣe máa ń rí lásìkò ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n á wọlé tàwọn ti ìwé ìgbàwọlé nínú fáìlì tuntun, wọ́n á dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n rò pé bí kọ́lẹ́jì bá ti lè gba èèyàn, ó parí nìyẹn. Kò tíì parí o! O ṣì máa wọ pótà, ìyẹn ojú ìwé kọ́lẹ́jì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o máa mú kọ́ọ̀sì sáà àkọ́kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan jẹ́ dandan, àwọn kan wà lọ́wọ́ ìfẹ́ inú rẹ, gbogbo ẹ̀ pátá ò sì gbọdọ̀ ju yúnítì mẹ́rìnlélógún lọ. Kíláàsì méjì ò gbọdọ̀ bọ́ sí wákàtí kan náà. Lẹ́yìn náà ni o máa wá yan ẹgbẹ́ tí o máa bá lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ìyẹn láàbù, èyí sì ló máa ń tètè kún jù. Ó-Ti-Wọlé mọ gbogbo ẹ̀ lórí. Á ní, "Yàrá àyẹ̀wò ni ká kọ́kọ́ mú. Ìjókòó ò lè tán nínú gbọ̀ngàn ńlá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Ọmọ tó lo gbogbo àárọ̀ níwájú fóònù rẹ̀ tó ń sunkún, ogún ìṣẹ́jú ni Ó-Ti-Wọlé máa fi bá a ṣe é.

Àṣà kan wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí pótà bá ti béèrè nọ́ńbà fóònù ọmọ, tirẹ̀ ló máa ń fi síbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó bá wá, nọ́ńbà kan náà. Ẹ má rò pé jìbìtì ni. Àwọn ọmọ yìí kì í lo nọ́ńbà kan pẹ́. Lónìí, fóònù já sómi. Lọ́la, wọ́n jí i. Lọ́tùn-únla, ọ̀rọ̀ ìwọlé ti pòórá lórí ọmọ, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ikun imú á máa ṣàn wálẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà Ó-Ti-Wọlé ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì, ó ti bá a gba ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun. Ó ra fóònù kékeré kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Gbogbo àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò la mọ̀ nípa ẹ̀, a sì ń yìn ín.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ kọ́lẹ́jì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n yẹn jẹ́ fún yín. Aránṣọ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú tẹ̀lé ara wọn, Ó-Ti-Wọlé sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n náà ti gba ìwé ìgbàwọlé sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún yẹn. Ó ká ìwé náà, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dìde títí àbúrò rẹ̀ fi kàwé jáde. Ó-Ti-Wọlé ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n yìí wá bí, ọmọ náà sì ti jókòó ṣe ìdánwò ìgbàwọlé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí i mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni kọ́lẹ́jì yẹn gbà kí èèyàn dán an wò. Kò sí ìkẹrin. Ọgọ́rin ọmọ ni wọ́n ń gbà sí nọ́ọ̀sì, orúkọ àwọn tó ń dúró bóyá àyè kan máa ṣí sì wà lára ògiri géètì, ó gùn dé ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè ni ìyá àtọmọ dé. Ìyá ti wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀, ó gbé fáìlì ọmọ mọ́ àyà.

"Àbúrò mi," ó ní, "mẹ́ta ni gbogbo ohun tí mo ní láyé: ìwọ, ọmọ yìí, àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ yẹn ti ń húkọ́ báyìí. Mo fa ọmọ yìí lé ọ lọ́wọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn yín balẹ̀," Ó-Ti-Wọlé dáhùn. "Ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni? Ẹ jókòó, ẹ máa wòran."

Ó fara balẹ̀ ṣe ti ọmọ yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó mú yàrá àyẹ̀wò tọjọ́ Mọ́ńdè fún un, torí ó mọ̀ pé tọjọ́ Fúráídeè ò dáa. Ó yí kíláàsì kan padà kí ọmọ lè ráyè jẹun lọ́sàn-án. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà fóònù, ọmọ náà na ọwọ́.

"Ọ́ńkù, mo ní nọ́ńbà tèmi. Mo ti ń lò ó láti ọdún mẹ́rin."

"Tọ́jú tìẹ," Ó-Ti-Wọlé ní. "Ọ̀dọ̀ mi ni kí ó wà. Bí nǹkan bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ rí i."

Ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ sínú báàgì padà. Mo rí i bó ṣe lọ́ra díẹ̀, bíi kó tún sọ nǹkan, àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kì í ja àgbà níyàn. Ó-Ti-Wọlé tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú, ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti wọlé!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sunkún sí i léjìká, aṣọ Ó-Ti-Wọlé rin gbindin. Èmi náà ń nu ojú mi lẹ́yìn ẹ̀rọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ò sí níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akọ̀wé ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbé ìwé kan wá fún mi. Igba ẹ̀dà ló fẹ́. Ẹ gbọ́ o, èmi kì í ka ìwé tí mo bá ń ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Bóyá ó tọ́ ni mò ń wò, bóyá dúdú rẹ̀ mú dáadáa, bóyá etí rẹ̀ ò ká. Bí mo bá ní kí n máa ka ìwé oníwèé, ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ tán? Mo ṣe igba, mo fi rọ́bà dì í, mo gbé e fún un. Ẹyọ kan há sínú ẹ̀rọ, ó rún. Mo nà án, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo fi tẹ́ abẹ́ kọ́ọ̀bù tíì mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbé tíì lé e, tí mò ń gbé e kúrò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni fóònù kékeré bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lórí tábìlì, gìrì, gìrì. Á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbọ̀n títí ó fi rìn dé etí tábìlì, ó já bọ́.

"Ọ̀gá, ta ló ń pè yín báyìí?" mo bi í. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó kejì bíi ti báwo? Kọ́lẹ́jì ni. Wọ́n ń kí àwọn ọmọ káàbọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà lórí nọ́ńbà yẹn, ẹ máa rò ó."

Èmi sì rèé, inú mi kì í pẹ́ ru. Ariwo ẹ̀rọ tèmi ti tó mi gbọ́, mi ò tún lè gba ti fóònù kún un. Mo dìde, mo mú un, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa. "Kó máa gbọ̀n níbẹ̀," mo ní. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é. Láti ọjọ́ náà, bí ilé bá ti pa rọ́rọ́ tí ẹ̀rọ mi sì dákẹ́, mò ń gbọ́ ọ nínú igi tábìlì, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò.

Ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ojoojúmọ́ ló ń yà wá kí wa nígbà tó bá ń lọ sílé, tòun ti kóòtù funfun tí ìyá rẹ̀ rán fún un. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa sọ bí eegun ọwọ́ èèyàn ṣe pọ̀ tó. Ó gbá ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó ń ka eegun inú rẹ̀ sí mi létí, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi tèmi sílẹ̀, mo ṣì ń lò ó. Ó-Ti-Wọlé á kàn máa wò ó, ẹ̀rín ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọmọkùnrin kan tó ń lo awò ojú wọlé. Ó-Ti-Wọlé ló bá a forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ka ìṣirò ló wà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n fi òǹkà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù òun, pé kí òun tẹ̀ ẹ́ sórí pótà láti fi jẹ́rìí sí àwọn kọ́ọ̀sì òun. Èmi ò rí nǹkan kan gbà."

Ó-Ti-Wọlé ò tiẹ̀ yí ojú. Ó ṣí pótà, ó tọ́ka. "Wò ó. Ṣé orúkọ rẹ kọ́ nìyí? Ṣé kọ́ọ̀sì rẹ kọ́ nìyí? Ó ti wọlé. Lọ máa kàwé rẹ."

Ọmọ yẹn lọ, àmọ́ ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ara fu mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yẹ fóònù yẹn wò." Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n parí ti ẹni yìí ná." Èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan tún nàró. Ẹnì kan ń na ìwé sí mi pé òun fẹ́ ẹ̀dà mẹ́rin. Mo yíjú padà sí ẹ̀rọ mi. Bó bá jẹ́ pé mo ti ṣe oríkunkun díẹ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn! Èmi tí mo máa ń ja gbogbo ayé níyàn, mo wá dákẹ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo bá èrò lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan ń fi bírò pupa máàkì orúkọ mélòó kan lórí ìwé àwọn tó ń dúró. Ọmọbìnrin kan fò sókè, ó figbe ta, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní kó kú oríire, mo kọjá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni ọmọ wa wọlé. Kì í wá nírú àkókò yẹn. Kóòtù funfun wà lápá rẹ̀, kò wọ̀ ọ́.

"Ọ́ńkù, wọ́n pe orúkọ ní yàrá àyẹ̀wò. Wọn ò pe tèmi. Olùkọ́ ní kí n bọ́ síta."

"Àwọn akọ̀wé yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Ó-Ti-Wọlé ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Jókòó."

Ó ṣí pótà. Ó tẹ orúkọ ọmọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án wà tẹ́lẹ̀, funfun báláú. Ìlà pupa kan ló wà nísàlẹ̀: a kò rí ìjẹ́rìí gbà, a ti fi àyè yìí fún ẹlòmíràn. Ó tì í, ó tún un ṣí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

Èmi ni mo ṣí dúrọ́ọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà nínú fóònù lé ní ọgọ́fà, ẹnikẹ́ni ò ṣí ọ̀kankan. Mẹ́ta-mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọmọ wa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òǹkà mẹ́fà ń tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ó ní: èyí ni ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Mo gbé kọ́ọ̀bù tíì kúrò, mo yí ìwé abẹ́ rẹ̀ padà, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọdún yìí lọ, ó ní, gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ fi òǹkà tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn jẹ́rìí sí kọ́ọ̀sì wọn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àmì kọ́ọ̀bù mi ti là á já sáàárín ọ̀rọ̀ náà, roboto.

A sáré wọ kọ́lẹ́jì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn la bá. Ó gbọ́ wa dópin, kò kanra.

"Àwọn ẹ̀ka tó kù ṣì láyè," ó ní. "Kí àwọn ọmọ yín yòókù wá tún un ṣe lónìí. Àmọ́ nọ́ọ̀sì, ọgọ́rin ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni ẹ̀rọ pín àyè tó ṣí. Ọgọ́rin ti pé."

Ó-Ti-Wọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì. "Ẹ ṣàánú mi. Ẹ fi ìyà jẹ èmi. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan."

"Bọ̀dá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí lọ́wọ́ mi." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Nọ́ńbà ta ni wọ́n tiẹ̀ fi síbẹ̀ fún ọmọ yìí?"

Ó yíjú sí mi. "Ìwé yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ bá wa ṣe é ni, Àǹtí? Igba ẹ̀dà?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ náà.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù padà, ọmọ jókòó sí igun yàrá, ó ká kóòtù rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó kàn ní, "Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún màámi. Èmi ò lè sọ ọ́." Ó-Ti-Wọlé mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ kó tó dún. Ó tún mú un, ó tún gbé e sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjìlélógójì yòókù ti ń dé ní méjì-méjì, ó ń tún tiwọn ṣe láìsọ̀rọ̀, mo sì ń bá a fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù pè wọ́n títí ọwọ́ fi rọ̀ díẹ̀.

Bí aago mẹ́ta ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo mọ ọmọ yẹn lójú ẹsẹ̀. Òun ló fò sókè lẹ́nu géètì láàárọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá náà wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ mi sí nọ́ọ̀sì lónìí ni! Oṣù méjì la fi dúró. Ẹ bá wa mú kọ́ọ̀sì rẹ̀, Ọlọ́run á bá yín tọ́mọ."

Mo rò pé á ní kí wọ́n lọ síbòmíràn. Mo tiẹ̀ ti dìde, mo fẹ́ bá a sọ ọ́. Àmọ́ ó fa àga fún ọmọ náà. Ó mú kọ́ọ̀sì fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án, àwọn tó mú fún ọmọ wa gan-an. Yàrá àyẹ̀wò tọjọ́ Mọ́ńdè, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ó yí fóònù ọmọ náà síwájú, ó dúró títí òǹkà mẹ́fà fi wọlé, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tán, kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn fa ìwé yọ nínú ẹ̀rọ, ó nà án sí i.

Ọmọ náà ń ka ìwé yẹn, ó ń wá bí yóò ṣe mọ ọ̀nà. "Yàrá kejì," ó ń kà á, "ilé ńlá..."

"Kì í ṣe ibẹ̀," ni ohùn kan wí. Ọmọ wa ni. Ó ti dìde ní igun yàrá. "Ibẹ̀ ni wọ́n kọ, àmọ́ wọ́n ti kó kúrò. Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni, ilẹ̀kùn tí kò ní ọwọ́. Tètè dé, kí o lè jókòó síwájú. Ohùn olùkọ́ yẹn kì í dé ẹ̀yìn. Bó bá sì bi ọ́ ní nǹkan tí o ò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀, kì í bínú síyẹn."

"Háà, ẹ ṣé gan-an, àǹtí." Ojú ọmọ náà tàn. "Ṣé ibẹ̀ lẹ wà? Ṣé màá rí yín ní Mọ́ńdè?"

"Rárá o," ọmọ wa ní. "Ìwọ ni kó o lọ."

Ó-Ti-Wọlé dìde lórí àga. Ó mú fóònù, ó jáde lọ sí etí títì, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.